Ọjọ́ Tí Yèyé Kúnlẹ̀ Lórí Òkè Ìdó

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ọdẹ́múyìwá. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ afàpáta ṣe odi. Ọmọ a-dúró-lórí-òkè-wo-ogun-níran. Ọmọ ènìyàn méje tó dá iná sí igba ojú, tí ọ̀tá wò ó láti ìsàlẹ̀ tó ní, "Háà, àwọn wọ̀nyí mà pọ̀ o," tó sì kó ọfà rẹ̀ padà sílé. Ọmọ ẹkùn òkè tí kì í sọ̀ kalẹ̀ wá mu omi lójú ẹlẹ́gàn. Adúmáadán bíi kóró iṣin. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ onílé òkúta, sùn un re o.

Èmi Àjọkẹ́ ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, nínú ilé wa ní Ekete, níbi tí a ti ń wo Wárì lókèèrè. Ìwé ìkọ̀wé ọmọ ọmọ mi ni mo gbà. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, kí ẹ fojú fo ibi tí mo bá ti ṣì í kọ. Oríkì tí mo kọ sókè yẹn ti wà lẹ́nu mi láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n kì í níwájú ènìyàn, mi ò sì kì í. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ojú ń tì mí, àfi bíi pé ẹnìkan ń wò mí láti ẹ̀yìn.

Yèyé kì í ṣe ìyá tó bí mi. Àbúrò bàbá mi ni, Yèyé la kàn ń pè é nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ìyá nílé wa ní Èkìtì. Ìyá mi kú lórí ìkúnlẹ̀, òun àti ọmọ tó fẹ́ bí, bàbá mi sì ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n fún òun ní ẹni tí yóò bá òun tọ́ èmi tó ṣẹ́ kù. Yèyé kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan àti ọlọ kan wọ bọ̀lẹ́kájà, ó di Wárì. Bàbá mi rí ọlọ náà, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o rò pé wọn ò ní òkúta ní Wárì ni?" Yèyé ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹyọ kan hàn mí." Bàbá mi wo ìta títí. Ẹrẹ̀ ló rí, àti omi, àti koríko, àti ẹrẹ̀ mìíràn. Láti ọjọ́ náà ni ọlọ Yèyé ti di ọlọ gbogbo àgbàlá. Mama Tega ń lọ ata lórí rẹ̀, ìyàwó Papa Onome tó ni ilé ń lọ ata lórí rẹ̀, bí wọ́n bá sì ti ń jà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ lò ó, Yèyé á ní kí wọ́n tò bí ọmọ ilé ìwé.

Bí mo bá di ojú mi báyìí, gbogbo ìró àgbàlá náà ni mò ń gbọ́. Papa Onome á wúkọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyẹn ni agogo wa. Ọkọ̀ ojú omi á fọn ní pọ́ọ̀tù, bàbá mi á sì sáré bọ ṣòkòtò nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ka ẹrù bí wọ́n ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Òjò á máa lu páànù bíi pé ó ń bínú sí wa. Ọ̀pọ̀lọ́ á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu òjò. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fa omi nínú kànga, kí n gbálẹ̀, kí n ṣa ẹ̀wà. Yèyé kọ́ bí wọ́n ṣe ń ro ùsì, tí àwọn Urhobo ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, tó máa ń fà bíi rọ́bà, a sì ń fi ọbẹ̀ ẹyìn jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú, iyán ni dandan. Ó máa ń sọ pé ẹni tí kò bá gbọ́ ìró odó lọ́sẹ̀ kan, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ilé.

Etí gbogbo àgbàlá ni Yèyé ti ń kọ́ mi ní oríkì ilé wa. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, kò ní dá mi lóhùn. Á ní, "Ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà?" Èmi ni kí n wí pé, "Ọmọ ni." Á ní, "Ọmọ ta?" Níbẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀: ọmọ Ọdẹ́múyìwá, ọmọ afàpáta ṣe odi. Ohùn Yèyé kì í ṣe ohùn inú yàrá, ohùn orí òkè ni. Kí n tó sọ gbólóhùn kejì, àwọn ọmọ àgbàlá á ti bẹ̀rẹ̀: "Ngbati! Ngbati! Comfort, your mama don start o!" Comfort ni orúkọ tí mò ń jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Efe á tún yí ẹnu padà, á máa fò kiri bí ọ̀bọ. Ara mi á gbóná. Mo bẹ Yèyé lọ́jọ́ kan pé, "Yèyé, ẹ rọra sọ̀rọ̀." Ó wò mí. Ó ní, "Ẹran ta ni mo jí tí n ó fi rọra?" Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bó bá bi mí, mo lè rojú, mo lè dákẹ́, mo lè fi Píjìn dá a lóhùn pé, "I don forget." Òun á sọ Yorùbá, èmi á sọ Píjìn, bí a ṣe ń gbé nìyẹn. Ṣùgbọ́n irọ́ ni mò ń pa. Nídìí kànga, lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn ọmọ yòókù bá lọ wẹ̀ lódò, mo máa ń kì í tán láti òkè dé ilẹ̀, pẹ̀lú ohùn Yèyé gan-an, bí mo ṣe ń fa okùn. Inú kànga á gbà á, á sì dá a padà fún mi. Ó máa ń dùn mọ́ mi. Mi ò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i pé ó dùn mọ́ mi.

Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni bàbá mi ní kí Yèyé mú mi lọ sílé kí n lọ gun òkè. Kí n ṣàlàyé. Ìlú wa wà ní ìsàlẹ̀ òkè kan tó ń jẹ́ Òkè Ìdó. Orí òkè náà ni àwọn baba wa gbé nígbà ogun, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, gbogbo agbo ilé Ọdẹ́múyìwá á gùn ún lọ sí ahoro ilé náà. Kì í ṣe òrìṣà ni wọ́n ń lọ bọ. Alàgbà ìjọ wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìmáàmù. Igi ìdáná kọ̀ọ̀kan ni olúkúlùkù máa ń gbé dání. Bí wọ́n bá dé òkè, ìran kọ̀ọ̀kan á dá iná sójú ààrò baba tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn méje ìgbà náà ti ṣe láti fi dẹ́rù ba ogun. Obìnrin kan, ọmọ ilé, ló máa ń ṣíwájú tí yóò máa ki gbogbo ilé lọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Yèyé ni. Ọdọọdún ló ń ti Wárì lọ ṣe é. Mo rò pé ohun kan ṣoṣo tó ní láyé nìyẹn, yàtọ̀ sí èmi.

Ọmọ tó bá ń gùn ún fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í kàn wọlé. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà lẹ́nu ọ̀nà ahoro náà, ibẹ̀ ni yóò dúró sí. Àgbà ilé á bi í pé ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà, á sì ki ara rẹ̀ wọlé. Ẹ wá rí ìdí tí Yèyé fi ń yọ mí lẹ́nu láràárọ̀. Bàbá mi kò lè bá wa lọ, ọkọ̀ ńlá kan wọ pọ́ọ̀tù. Ó fà mí létí díẹ̀ ní gáréèjì, ó ní, "Pariwo o. Kí wọ́n gbọ́ pé mo bímọ."

Nílé, wọ́n gbé mi jó. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi kò gbé mi jó. Fọlákẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó fi ọdún kan péré jù mí lọ, ni olórí wọn. Mo ní kí ó bá mi bu omi, bí mo ṣe sọ ọ́ pa á lẹ́rìn-ín tó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ wá gbọ́ o! Kòbókòbó ni wọ́n mú wá fún wa!" Láàárín ọjọ́ méjì, Kòbókòbó ti di orúkọ mi. Ẹ wo ayé. Ní Wárì, ọmọ Yorùbá, Ngbati, ni mí; nílé, àjèjì tí kò gbọ́ Yorùbá, Kòbókòbó. Mo ti dàgbà báyìí, mo lè fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo lọ jókòó sí, tí mo ń jẹ èékánná.

A gbéra láàárọ̀, ìrì ṣì wà lórí koríko. Bí a ti kọjá odò kékeré tó wà nídìí òkè, gbogbo ènìyàn bọ́ bàtà. Mi ò tíì tẹ òkúta bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó tutù, lẹ́yìn náà ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nígbà tí oòrùn wá jáde tán, ó ń jó ni lẹ́sẹ̀. Yèyé wà níwájú, ó fi gèlè di ìbàdí, ó gbé igi rẹ̀ sórí láìfi ọwọ́ dì í mú, ó ń kì wọ́n. Ibi gbogbo ló ní orúkọ. Ibi tí òkúta ti ya ọ̀nà tóóró, wọ́n ní ibẹ̀ ni ọmọ kan pẹ̀lú àdá lè ti dá ọgọ́rùn-ún ọmọ ogun dúró. Ibi tó tẹ́jú, tó ní ihò róbótó róbótó, wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń lọ ata, ọwọ́ wọn ló gbẹ́ ihò náà. Mo ki ọwọ́ mi bọ ọ̀kan. Ó gba ọwọ́ mi wẹ́kú. Mo wá mọ̀ nígbà náà ìdí tí Yèyé fi gbé ọlọ wọ mọ́tò. Bí ó bá ki ìdílé kan, àwọn ara ìdílé náà á dáhùn, "Hẹ̀ẹ̀ẹ̀!", òkè á sì dáhùn tẹ̀lé wọn. Àwọn ìyàwó ilé ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, wọ́n ń pè é ní "ọkọ mi", gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ti ń pe ọmọ ilé, ọkùnrin ni o, obìnrin ni. "Ọkọ mi, ohùn yín kò ní í ṣá!" "Ọkọ mi, ẹ dúró kí a mí, kì í ṣe ẹsẹ̀ Wárì la ní o!" Yèyé á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹsẹ̀ Wárì kẹ̀? Ẹrẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀!" Mi ò tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn bẹ́ẹ̀ rí. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí, ó ṣẹ́jú sí mi. Àwa méjèèjì la mọ ohun tó ń bọ̀.

A dé òkúta pẹlẹbẹ náà. Ògiri òkúta ni ó kù níbẹ̀, ó ga dé àyà mi, igi ọ̀pọ̀tọ́ ti hù láàárín rẹ̀. Bàbá Ọdẹ́wálé, àgbà ilé, wọlé lọ ó sì jókòó. Ó ní, "Ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà?"

Mo ní, "Ọmọ ni." Ìyẹn jáde.

"Ọmọ ta?"

Ó wà lẹ́nu mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ gbà mí gbọ́ níbi kan yìí. Gbogbo rẹ̀ ló wà lẹ́nu mi, ó tò bí ìlẹ̀kẹ̀ sínú okùn. Mo la ẹnu. Mo rí Fọlákẹ́. Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ti ń mì kí n tó sọ ohunkóhun, àwọn mẹ́ta tó dúró tì í ti di ara wọn mú. Mo rò ó pé bí mo bá kígbe "ọmọ afàpáta ṣe odi" pẹ̀lú ohùn Wárì tèmi yìí, títí n ó fi kú ni wọ́n ó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbójú sílẹ̀. Mo ní, "I no sabi am."

Ọmọ kékeré kan bèèrè, "Kí ló wí?" Ẹnìkan dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n." Ẹ̀rín tí mò ń sá fún kò wáyé rárá. Fọlákẹ́ gan-an sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Bàbá Ọdẹ́wálé ní, "Ta ló tọ́ ọ?"

Yèyé ní, "Èmi ni, Bàbá."

Ó sọ igi rẹ̀ kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí òkúta náà, kì í ṣe níwájú Bàbá nìkan, ó yí ojú sí àwọn ìyàwó ilé pẹ̀lú, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àṣà náà ṣe lọ. Ẹni tó bá tọ́ ọmọ tí kò mọ ilé rẹ̀, gbogbo ilé ló jẹ ní gbèsè ìkúnlẹ̀. Ọmọ ilé kúnlẹ̀ fún ìyàwó! Ìyá Bísí, ìyàwó tó kéré jù, bú sẹ́kún. "Ọkọ mi, ẹ dìde, ẹ má ṣe èyí sí wa." Yèyé kò wò ó. Ó ní, "Mo jẹ̀bi. Mi ò kọ́ ọ."

Bàbá Ọdẹ́wálé wo Yèyé níbi tó kúnlẹ̀ sí. Ó fẹ́ràn rẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọjọ́ tí ọmọ yìí bá padà wá dáhùn, ọjọ́ náà lo dìde." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ipò iwájú ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí n ó fi wá. Ìyá Fọlákẹ́ ló ki ilé sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n dá iná sójú gbogbo ààrò àyàfi tiwa, nítorí èmi ọmọ rẹ̀ kò tíì wọlé. Mo gbé igi mi wá sílẹ̀ bí mo ṣe gbé e lọ.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, níbi tí òkúta ti ń yọ̀, Yèyé di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Tẹ ibi tí mo bá tẹ̀." Nínú mọ́tò ó bó ọsàn fún mi. Nígbà tí a dé Wárì, bàbá mi ti dúró sí gáréèjì, ó ní, "Báwo? Ṣé ó dáhùn?" Yèyé rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ yín kẹ̀? Gbogbo òkè ló gbọ́." Bàbá mi gbé mi sókè níbẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ó ròyìn rẹ̀ kiri pọ́ọ̀tù. Ìròyìn yẹn ló gbé lọ sí sàréè.

Mo lè padà lọ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Mo ní n ó lọ. Ìdánwò dé. Ọdún kejì, mo ní mi ò gbádùn. Lẹ́yìn náà mo di ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò ráyè, mo fẹ́ Emuobo, ọmọ Urhobo tó dára, mo bí ọmọ mẹ́rin, mo ń ta aṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ àwáwí kì í wá a tì. Ọdọọdún, bí iṣu tuntun bá ti dé, Yèyé á máa lọ ata tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ ẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Kò gun òkè mọ́. Kò bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Ìgbà wo?" Ká ní ó bi mí ni, bóyá ìbínú ì bá gbé mi lọ.

Ọdún tó kọjá, mò ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ fún un. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ẹsẹ̀ náà ti rọ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́. Mo kàn gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ ọ́. Mo ní, "Yèyé, mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà."

Ó ní, "Ọjọ́ wo?"

"Lórí òkè. Oríkì. Mo mọ̀ ọ́n."

Ó ní, "Mo mọ̀. Mo ti gbọ́ ọ nídìí kànga. O tilẹ̀ máa ń kánjú níbi tí iná wà."

Abẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

"Kí n sọ kí ni? Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀bi ẹni tó tọ́ ọ ni. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n tó kọ̀ ọ́, ẹ̀bi ara rẹ̀ ni, wọ́n á ní kí ó má dé ẹnu ọ̀nà náà mọ́ láéláé. Àbí kí n tì ọ́ síta?" Ó na ẹsẹ̀ kejì sí mi. "Ó ku ẹsẹ̀ yìí."

Mo ní a ó jọ lọ lọ́dún yìí. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ta? Ìwọ lọ. Bí o bá dáhùn, n ó gbọ́ láti ibí." Mo ní bí òjò bá dáwọ́ dúró. Òjò dáwọ́ dúró. Orúnkún mi ń dùn mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dùn mí tó bí mo ṣe ń sọ ọ́ kiri.

Yèyé kú ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, lórí àga rẹ̀. Fọlákẹ́, tó ti di ìyá àgbà bíi tèmi, fóònù láti ilé. Ó sunkún. Ó ní, "Àjọkẹ́, ẹ gbé e wá. Ọmọ ilé ni. Kìkì pé ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ tọ́ dàgbà ni yóò dáhùn fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ìwọ dáhùn, Yèyé ti dìde nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín, Àjọkẹ́. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún ọ tipẹ́."

Mo ní n ó pè é padà. Mo jókòó. Bí mo bá kì í láìṣì í, wọ́n ó bi mí ọjọ́ tí mo kọ́ ọ, n ó sì sọ fún wọn pé mo fi obìnrin náà sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún, tí mo sì mọ̀ ọ́n. Ufuoma, àkọ́bí mi, wọlé, ó ní, "Mama, that road no good o. Dem dey kidnap people. Make we bury Grandma for here." Àwọn àbúrò rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn. Mo fi òótọ́ wọn bo ara mi bí aṣọ. Mo pe Fọlákẹ́, mo ní àwọn ọmọ ò gbà. Ó ní, "Ó dáa." Ó tún ní, "Ó dáa."

Sátidé la sin Yèyé, ní Ekete, lẹ́yìn tí òjò dá. Omi ti wà nínú kòtò náà, àwọn tó gbẹ́ ẹ fi garawa gbọ́n ọn kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Orin ìjọ la kọ. Kò sí ẹnikẹ́ni tó kì í.